Iyọ̀ Ló Ń Gbé Adùn Ró: Àwọn Tó Ń Yan Kúkì Nílé ní Ìjàpọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti lù ní Ìjàpọ̀, l'Ákùúrẹ́. Nínú ilé ìdáná kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìpékeré fọ́ nínú abọ́. Wọn kò jẹ́ kó kúnná. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣẹ́kù ní wẹ́wẹ́ tí eyín yóò lè rí nǹkan fọ́. Lórí tábìlì, ẹ̀pà yíyan oníyọ̀ wà nínú ìgò, ṣúgà wà nínú ọ̀rá, bọ́tà ti rọ̀. Lábẹ́ tábìlì, kúlà kan wà tí wọ́n kó píọ́wọ́tà dídì sí.

Ọmọ wọn obìnrin, agùnbánirọ̀ tó wá sinmi lópin ọ̀sẹ̀, dúró ti ààrò gáàsì pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ṣé kí n tan iná sí i báyìí?"

"Rárá o, ní sùúrù ná. Kí kúkì kọ́kọ́ dì dáadáa nínú kúlà. Tó bá wọ inú iná bó ṣe rọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ló máa ṣàn pọ̀ nínú páànù."

Nígbà tí kúkì àkọ́kọ́ jáde, kò tíì tutù tí ìyá náà fi mú iyọ̀ oníhóró láàárín ìka méjì, tí wọ́n sì wọ́n ọn sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hóró mẹ́ta, mẹ́rin péré. Nígbà tí èèyàn bá gé e jẹ, ṣúgà àti bọ́tà ni ahọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé. Lẹ́yìn náà ni hóró iyọ̀ kan á yọ́, ìpékeré á ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, adùn náà á sì tún jí dìde lákọ̀tun.

Àwọn aládùúgbò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ń ra mẹ́fà mẹ́fà fún àpò ìwé àwọn ọmọ wọn. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká sọ pé òun kì í ra bísíkíìtì inú ọ̀rá mọ́. "Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣúgà lásán ni," ló wí. "Tí mo bá jẹ méjì, ó ti sú mi. Ti Màmá yìí kì í tètè súni. Iyọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe é."

Ìjàpọ̀ wà lára àwọn ẹ̀sítéètì tó lórúkọ jù l'Ákùúrẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣòwò àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ gbójú lé. Nígbà tí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì kò bá sì ká ìnáwó mọ́, ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ obìnrin kọ́kọ́ ń yíjú sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ju ọ̀rọ̀ ìpanu lọ. Kúkì tó pa iyọ̀ pọ̀ mọ́ ṣúgà kì í ṣe àlejò lẹ́nu wa. Bí a bá sì mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe níbẹ̀, a ó rí i pé àwọn èròjà tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa, láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé orí kòkó, ló yẹ ẹ́ jù lọ.

Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé nǹkan òyìnbó ni kí iyọ̀ àti ṣúgà pàdé nínú ìpanu kan. Ẹ wo àádùn. Wọ́n á yan àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi epo pupa pò ó, wọ́n á sì fi iyọ̀ àti ata díẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn máa ń fi ṣúgà tàbí oyin kún un. Adùn àgbàdo yíyan, iyọ̀ àti epo ni wọ́n dì sínú ewé kan náà, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ kúkì.

Ẹ wo gàrí tí a rẹ sínú omi tútù lọ́sàn-án gangan. Gàrí fúnra rẹ̀ kan díẹ̀, ṣúgà ló mú adùn wá, ẹ̀pà tàbí kúlíkúlì ló gbé iyọ̀ dé. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nílé tí wọn gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dùn bí ó ti wà, síbẹ̀ a kì í dà á sínú epo gbígbóná láìwọ́n iyọ̀ sí i.

Níbi ìsọmọlórúkọ pàápàá, oyin àti iyọ̀ ni wọ́n jọ ń gbé sílẹ̀. Àwọn àgbà á fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n á fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n á tún gbàdúrà. Àádùn àti ìrèké náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ọmọ tó mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ, ó ti tọ́ adùn méjèèjì wò ní àárọ̀ kan ṣoṣo.

"Màmá mi kò yan kúkì rí láyé wọn," ni ìyá tó ń yan kúkì ní Ìjàpọ̀ yẹn wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní kúkì tí mò ń tà. Àádùn ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi iyọ̀ sórí kúkì, tí mo tọ́ ọ wò, àádùn wọn ló sọ sí mi lọ́kàn."

Ohun tí iyọ̀ ń ṣe lórí ahọ́n

Kí ló dé tí iyọ̀ kékeré fi ń mú kí ṣúgà dùn sí i? Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia, Paul Breslin àti Gary Beauchamp, gbé ìdáhùn kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n po ohun kíkorò mọ́ ṣúgà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Nígbà tí wọ́n wá fi èròjà tó ní sodium nínú, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, kún un, ìkorò náà rọlẹ̀, adùn tó ti bò mọ́lẹ̀ sì yọ síta.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń yan nǹkan. Ìkorò díẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ èròjà kúkì: nínú kòkó, nínú ẹ̀pà tí iná mú awọ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nínú ṣúgà tó ti jóná díẹ̀ létí páànù. Iyọ̀ ló ń ká a kúrò lọ́nà, kí adùn lè ráyè kọjá.

Ọ̀nà kejì tún wà. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí láti Monell náà rí i nínú ahọ́n eku pé lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ adùn ní ẹnu ọ̀nà kan tí sodium àti glucose, irú ṣúgà kan, jọ máa ń gbà wọlé. Bí sodium kò bá sí níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà kì í ṣiṣẹ́ fún glucose.

Àwọn ìyá wa ti lo irú ẹnu ọ̀nà yìí rí láìmọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìfun ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún 1960 ni Robert Crane, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé níbi ìpàdé kan ní Prague pé sodium ló ń bá glucose wọ inú ara láti inú ìfun. Orí ìmọ̀ yìí ni omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru dúró lé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985, wọ́n kéde omi náà káàkiri Nàìjíríà lórí rédíò àti ní ilé ìwòsàn. Lónìí, ORS inú ọ̀rá àti oògùn zinc ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún kò tíì gbàgbé ìgò, ṣíbí àti omi sísè tí wọ́n fi ń pò ó.

Bí ayé tó kù ṣe dé ìdí rẹ̀

Kúkì tó ní ṣokoléètì wẹ́wẹ́ nínú, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, wá láti ọwọ́ Ruth Wakefield, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé oúnjẹ Toll House ní ìlú Whitman, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó tẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé ìdáná rẹ̀ ní ọdún 1938.

Ní ti iyọ̀ tó hàn gbangba lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Faransé. Agbègbè Brittany ti fi ìgbà pípẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí iyọ̀ tó ni àwọn ará ibòmíràn lára. Iyọ̀ kò wọ́n wọn, ìdí nìyẹn tí bọ́tà wọn fi máa ń níyọ̀. Ibẹ̀ ni Henri Le Roux ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí, ní ìlú Quiberon, ní ọdún 1977, tó sì fi bọ́tà oníyọ̀ se ṣúgà di káráméèlì. Káráméèlì oníyọ̀ yìí ló tàn kálẹ̀ dé orí kéèkì, áísìkirímù àti kúkì káàkiri ayé.

Ní New York, Christina Tosi ṣí ilé ìyannǹkan rẹ̀, Milk Bar, ní ọdún 2008. Ọ̀kan lára àwọn kúkì tó sọ ọ́ di olókìkí ní ànàmọ́ òyìnbó díndín oníyọ̀ nínú, tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹni tó bá ti gba Orè kọjá rí, tí àwọn ọlọ́jà sáré gbé ìpékeré wá síbi fèrèsé ọkọ̀, yóò rí i pé ohun tí New York fi ànàmọ́ òyìnbó ṣe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa lè ṣe é. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọwọ́ tó ń yan án

Èyí ni ìwọ̀n tí ìyá Ìjàpọ̀ náà ń lò fún kúkì mẹ́rìnlélógún. Fúláwà jẹ́ gíráàmù 250, bọ́tà gíráàmù 150, ṣúgà gíráàmù 150, ẹyin kan, ààbọ̀ ṣíbí tíì baking soda, àti fànílà díẹ̀. Ìpékeré fífọ́ jẹ́ ife kan, ẹ̀pà yíyan jẹ́ ààbọ̀ ife.

Iyọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Bí bọ́tà náà kò bá ní iyọ̀ rárá, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ ni wọ́n ń fi sínú fúláwà. Ṣùgbọ́n bọ́tà inú ike tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi pa búrẹ́dì lára ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀pà oníyọ̀ àti ìpékeré náà ti gbé tiwọn dání. Ẹni tí kò bá kà wọ́n mọ́ ọn yóò yan kúkì tí kò ṣeé jẹ. "Mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan," ni wọ́n wí. "Mo máa tọ́ bọ́tà, mo máa jẹ ìpékeré kan, ẹ̀pà kan. Ìgbà yẹn ni mo tó máa fọwọ́ kan iyọ̀."

Bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n ń kọ́kọ́ pò títí yóò fi fúyẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì mọ́lẹ̀. Ẹyin àti fànílà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fúláwà, iyọ̀ àti baking soda. Wọn kì í pò ó pẹ́ mọ́ láti ìgbà tí fúláwà bá ti wọlé, kí kúkì má baà le. Ìpékeré ló ń wọlé kẹ́yìn pátápátá, nítorí bó bá pẹ́ nínú ohun tútù, yóò rọ̀, a kò sì ní gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni ti kúlà. Èèyàn tí iná mànàmáná rẹ̀ dúró dáadáa yóò gbé e sínú fíríìjì. Ìjàpọ̀ kì í fìgbà gbogbo ní irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín píọ́wọ́tà dídì, wọ́n á sì dé kúlà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bọ́tà tó bá ti dì máa ń pẹ́ kó tó yọ́ nínú ààrò, kúkì á sì dúró láìfẹ̀ jù.

Ìwọ̀n ìgbóná 175 sí 180 ní Celsius ló dára, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́tàlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì wa, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná rẹ̀ ti ń wá, kò sì sí ohun tó ń sọ bó ṣe gbóná tó. Kúkì kan ṣoṣo ni ìyá yìí máa ń yan ṣáájú, kí wọ́n fi mọ ìwà ààrò lọ́jọ́ náà. Bí etí rẹ̀ bá pọ́n, tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n á gbé e kúrò, nítorí ó ń gan sí i bó ṣe ń tutù. Àwọn tí kò ní ààrò ń lo ìkòkò ńlá tí wọ́n da iyanrìn gbígbẹ sí, wọ́n á mú un gbóná lórí èédú, wọ́n á gbé páànù lé e, wọ́n á sì dé e pa. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń jinná.

Kòkó wà lẹ́nu ọ̀nà wa

Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà. Láti Ìdànrè dé ìlú Òǹdó, dé Ilé-Olújì tí ilé iṣẹ́ tó ń sọ kòkó di ohun èlò wà, òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ṣokoléètì wẹ́wẹ́ tó ti òkè òkun wá ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan kúkì l'Ákùúrẹ́ ń wá kiri, tí wọ́n sì ń fi owó gọbọi rà.

Nígbà tí owó kòkó kọjá dọ́là 12,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kejìlá 2024, ṣokoléètì tún wọ́n sí i. Owó kòkó ti já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọnù: ọmọ ìlú tó ń gbin kòkó ń san owó ọkọ̀ òkun lórí kòkó.

Ibí yìí gan-an ni ìwádìí ọdún 1997 yẹn ti wúlò fún wa. Hóró kòkó gbígbẹ tí a yan, tí a bó èèpo rẹ̀, tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, korò. Ìkorò yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un, tí wọ́n fi ń da ṣúgà lé e lórí. Iyọ̀ díẹ̀ ló lè tu ìkorò náà lójú. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ oúnjẹ l'Ákùúrẹ́ sọ ọ́ báyìí: "Bí ẹ bá mọ iyọ̀ lò, ẹ kò nílò ṣúgà tó bí ẹ ṣe rò. Kòkó wa kò burú. A kàn ń lò ó láìfi ẹnì kejì rẹ̀ tì í ni."

Ìyá Ìjàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kúkì wọn kejì, kòkó wẹ́wẹ́ láti ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tó ń dáko ní Ìdànrè ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àgbọn rírẹ́ àti hóró iyọ̀ lórí. Àwọn ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà tó ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i ló ń jà á gbà.

Owó fúláwà, owó iná

Òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a ń lọ̀ di fúláwà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà 2023, ilé ìdáná ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Dọ́là tó wà lábẹ́ ₦500 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà bá a gòkè. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, owó iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní ìpele A (Band A) di bí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń yan kúkì tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA sọ pé òun ti fẹ́ pa iṣẹ́ náà tì. "Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Ọjà Ọba ni owó á ti yí padà. Ìpékeré àti ẹ̀pà ló gbà mí. Wọ́n gba àyè nínú kúkì, fúláwà tí mò ń lò dín kù, àwọn oníbàárà sì ní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, àgbọn àti kòkó kì í dúró de dọ́là kí wọ́n tó hù. Owó tiwọn náà ń gòkè nítorí owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ni owó náà ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kí kúkì rẹ̀ kúrò ní ẹnu géètì, kó dé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń bẹ̀rù ìgbésẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ìjọsìn lè ràn wọ́n lọ́wọ́: kí mẹ́rin tàbí márùn-ún kó ara wọn jọ, kí wọ́n jọ lo ilé ìdáná kan tó mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì jọ san owó rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Kò yẹ kí a máa yin iyọ̀ àti ṣúgà láìsọ òdodo nípa wọn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù iyọ̀ márùn-ún lọ lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, láti inú gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ní ti ṣúgà, wọ́n ní ó dára bí kò bá kọjá nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù ṣúgà 150 nínú kúkì mẹ́rìnlélógún jẹ́ gíráàmù mẹ́fà àti díẹ̀ nínú ẹyọ kan. Ẹni tó bá jẹ mẹ́rin ti dé gíráàmù 25 náà, kó tó fi ṣúgà sí tíì. Ní ti iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì tí a pín sí mẹ́rìnlélógún kéré lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọbẹ̀, kúùbù ìsebẹ̀ àti ńúdùùsì ló ń gbé iyọ̀ púpọ̀ wọnú ara wa.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru l'Ákùúrẹ́ ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni ìpanu tó dùn débi tí ọwọ́ kò fi ní kúrò nínú rẹ̀. "Iyọ̀ àti ṣúgà tó bá pàdé, ó ń mú kí ènìyàn máa jẹ lọ," ló wí. "Ẹ bu méjì sínú abọ́, kí ẹ sì gbé ike náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù."

Àwọn tó ń yan án náà ní ipa tiwọn. Kí wọ́n lo iyọ̀ tó ní áyódìn, èyí tí òfin Nàìjíríà ti ń béèrè láti ọdún 1993 kí gẹ̀gẹ̀ àti àìtó áyódìn lè kásẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀pà lè ṣekú pa ẹni tí kò bá a lára mu. Kí wọ́n sì fi ìgboyà dín ṣúgà kù díẹ̀díẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kò ju báyìí lọ: má ṣe ra ṣokoléètì òkè òkun. Ra ìpékeré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ra ẹ̀pà, béèrè kòkó gbígbẹ lọ́wọ́ ẹni tó mọ oko. Wọn iyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú ìwọ̀n, kọ ohun tí o lò sílẹ̀, kí o sì fún àgbàlagbà kan nínú ilé tó mọ àádùn dáadáa tọ́ wò. Bí ó bá ní ó kù díẹ̀, gbà á gbọ́, kí o tún un yan.